Eagle Harbor: Etí Odò tí Wọ́n Fi Owó Ara Wọn Rà

Kọ́kọ́rọ́ irin kan máa ń kọ́ lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì màmá àgbà tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́rin ní Mitchellville, ìpínlẹ̀ Maryland. Ó ti dógùn-ún, okùn pupa ni wọ́n sì fi so ó. Nígbàkígbà tí mo bá ń nu ara ògiri yẹn, màmá á ké láti orí àga wọn pé, "Rọra o! Kọ́kọ́rọ́ ilé odò nìyẹn." Mo ti tọ́jú àgbàlagbà tó pọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mo sì mọ̀ pé kò sí èyí tí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ń ṣọ́ bí ẹyin ojú. N kò béèrè. "Ó dáa, mà" ni mo máa ń sọ, tí n ó sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Oṣù keje ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ náà tó yọ. Ooru ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé ti dákẹ́ láti àárọ̀, ẹni tí yóò tún un ṣe sì ní ó di ìrọ̀lẹ́. Mo ń fi aṣọ tútù nu màmá lọ́rùn, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mu omi díẹ̀ sí i. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bàbá mi kì í jẹ́ kí irú ooru báyìí bá wa nígboro. Bí wọ́n bá ti gba ọlidé ní oṣù kẹfà, Eagle Harbor yá." Mo ní n kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Wọ́n ní, "Ọdún mélòó lo ti ń gbé Prince George's?" Mo ní ọdún mọ́kànlá. Wọ́n mi orí sí mi, bí ìyá mi ṣe máa ń mi í nígbà tí mo bá ṣi orúkọ ẹja pè lójú oníbàárà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, ẹja yíyan ni ìyá mi sì fi tọ́ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ omi, etí mi á ṣí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò ní káúńtì Prince George's yìí, n kò mọ̀ ju ọ̀nà iṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àwọn ènìyàn wa ní Lanham, àti gbọ̀ngàn tí a ti ń náwó ní alẹ́ Sátidé. Ojú tì mí díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ wọn obìnrin gbà pé kí n gbé màmá lọ. A gba ọ̀nà 301 lọ sí gúúsù, a yà sí ọ̀nà 381 ní Brandywine. Ilé ńláńlá tó kún agbègbè Upper Marlboro bẹ̀rẹ̀ sí í dín, igbó ń pọ̀ sí i, àká tábà onípákó tó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń yọjú níhìn-ín lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn Aquasco, a yà sọ́wọ́ òsì, ọ̀nà tóóró kan sì gbé wa sọ̀kalẹ̀ títí a fi rí odò Patuxent. Odò náà fẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n kán mílíìkì sí. Calvert County ló wà lódìkejì. Ilé pákó kéékèèké, igi ńláńlá tó ṣíji bo òrùlé, àga onípákó níwájú ilé. Ọkùnrin kan tó ń gé koríko pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀ wa, ó ní, "Ọmọ ta nìyí?" Màmá dárúkọ bàbá wọn. Ọkùnrin náà ṣí fìlà.

Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Amẹ́ríkà, n kò gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ ìtàn ìlú yìí lẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra ilé ní káúńtì yìí lójoojúmọ́ mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé lé lórí.

Ọdún 1696 ni wọ́n dá Prince George's sílẹ̀, orúkọ ọkọ Anne, tó padà jẹ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Tábà ni iṣẹ́ ibẹ̀, ẹrú ló ń gbìn ín, ẹrú ló ń ká a, ẹrú ló ń sá a. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1860, àwọn tó wà ní káúńtì náà tó 23,000, ó sì lé ní 12,000 nínú wọn tó jẹ́ ẹrú. Kò sí káúńtì mìíràn ní Maryland tí ẹrú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Trueman Point ni wọ́n ń pe èbúté tó wà níbi tí mo gbé màmá lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí àgbá tábà sínú ọkọ̀ onísitíìmù ilé iṣẹ́ Weems, tí yóò gbé e gba ojú odò bọ́ sí Chesapeake, ó di Baltimore. Ẹni tó bá mọ ìtàn ọjà Èjìnrìn, bí ẹrù Ìjẹ̀bú ṣe ń ti ibẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó, á mọ irú èbúté tí mo ń sọ: ariwo alárù, òórùn ẹrù, gbèsè àti èrè.

Nísàlẹ̀ odò díẹ̀, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Benedict. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1814, kí wọ́n tó rìn lọ dáná sun ilé ààrẹ ní Washington. Benedict yẹn kan náà ni wọ́n kọ́ àgọ́ Stanton sí ní 1863, níbi tí àwọn dúdú tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóko ẹrú ti gba ìbọn, tí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ológun, láti lọ bá àwọn tó fẹ́ kí oko ẹrú dúró jà. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni Maryland fòpin sí oko ẹrú.

Òmìnira dé, ṣùgbọ́n kò dé etí omi. Ní 1904, Maryland ṣòfin pé kí dúdú àti funfun má ṣe jókòó pọ̀ nínú rélùwéè àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Rélùwéè kan ń gbé àwọn ará Washington lọ gbafẹ́ ní Chesapeake Beach láti ọdún 1900. Àárín Prince George's ló gbà kọjá, ṣùgbọ́n etí omi tó ń gbé wọn lọ kò sí fún dúdú. Ní Washington alára, wọ́n ṣí ibi ìwẹ̀ kan sí Tidal Basin ní 1918, fún funfun nìkan. Nígbà tí àwọn dúdú ní kí ìjọba ṣe tiwọn náà, tí ètò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan nílé aṣòfin fárígá. Nígbà tó di 1925, wọ́n kúkú tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó yá wọn lára kí kálukú wà nínú ooru ju kí ọmọ dúdú ki ẹsẹ̀ bọ omi lọ.

Ọdún 1925 yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Bean ra ilẹ̀ nítòsí Trueman Point, ó pín in sí ojúlé-ojúlé, ó sì ń polówó rẹ̀ fún àwọn dúdú Washington: olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, pásítọ̀, aránṣọ. Bí Eagle Harbor ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Cedar Haven tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n sì fi orúkọ àwọn dúdú tó gbayì sọ òpópónà ibẹ̀. Banneker wà níbẹ̀, Crispus Attucks náà wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọdé kan ní 1930 tó ń sáré ẹlẹ́sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ tí wọn kò ti jẹ́ kó wọ ilé oúnjẹ.

Eagle Harbor kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní 1892, ilé oúnjẹ kan ní Bay Ridge lẹ́gbẹ̀ẹ́ Annapolis lé Charles Douglass àti ìyàwó rẹ̀ Laura jáde nítorí àwọ̀ wọn. Ọmọ Frederick Douglass, gbajúgbajà tó bá oko ẹrú jà, ni Charles, ó sì ti jagun fún Amẹ́ríkà. Kò bá wọn jà. Ó rìn díẹ̀ síwájú sí etí omi kan náà, ó sì ra 40 éékà. Ibẹ̀ ni Highland Beach, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1893. Wọ́n kọ́ ilé kan fún bàbá rẹ̀ níbẹ̀, kí ó lè máa jókòó sókè wo òdìkejì Chesapeake, níbi tí wọ́n ti bí i sí oko ẹrú. Oṣù kejì ọdún 1895 ni Frederick Douglass kú, kò sun inú ilé náà. Ilé náà ṣì wà títí dòní, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lọ wò ó.

Kí ọmọ Èkó má rò pé ìtàn Amẹ́ríkà nìkan nìyí o. Ìgbà tí àwọn ènìyàn yìí ń kọ́ ilé pákó wọn sétí Patuxent ni Ìkòyí jẹ́ ti àwọn òyìnbó. Ní oṣù kejì ọdún 1947, Bristol Hotel ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rán wá láti London, nígbà tí wọ́n rí i pé dúdú ni. Èkó gbóná lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ìjọba sì ní láti pàṣẹ pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Nítorí náà, nígbà tí màmá ń sọ ohun tí ojú bàbá wọn rí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bàbá mi àgbà ti sọ ọ́ fún wa nílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọjọ́ kan ṣe ń rí níbẹ̀, nítorí èyí ló dùn mọ́ màmá jù láti sọ, èmi náà sì fẹ́ràn láti gbọ́ ọ.

Ìyá àti ọmọ ló ń dúró láti ọjọ́ Ajé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni àwọn bàbá ń dé láti ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ á sì ti jókòó sẹ́bàá ọ̀nà láti máa ka iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ láàárín igi. Kò sí iná mọ̀nàmọ́ná nínú ilé wọn nígbà náà, fìtílà ni. Fáńpù ni wọ́n fi ń fa omi. Áìsì ni wọ́n ń rà sínú àpótí, wọ́n á fi àpò ìdọ̀họ bò ó kó má tètè yọ́. Bí ẹ̀fọn bá dé lálẹ́, wọ́n á fi iná sí àkísà nínú agolo, èéfín rẹ̀ á sì lé àti ẹ̀fọn àti ọmọ. Lẹ́nu ọ̀nà, bàsíà omi kan kì í kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti odò bọ̀ gbọ́dọ̀ fọ iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé, bó ti wù kó dàgbà tó. Màmá ní wọ́n rántí ẹsẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan nínú bàsíà yẹn.

Akàn ni iṣẹ́ àárọ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un. Wọ́n á so ọrùn adìẹ tó ti wà nínú oòrùn ọjọ́ kan mọ́ okùn gígùn, wọ́n á jù ú sómi láti orí èbúté, wọ́n á so ìdí okùn mọ́ pákó. Lẹ́yìn náà, sùúrù ni. Bí okùn bá ti ń rìn lọ fúnra rẹ̀, tó sì le, akàn ti dì í mú. Kò gbọdọ̀ sí ìkánjú. Ìka méjì ni wọ́n fi ń fa okùn, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń fa òwú lára aṣọ tí kò fẹ́ kó ya. Akàn kò ní jọ̀wọ́ oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí ìmọ́lẹ̀ ojú omi báyìí, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹnìkan á ti na àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn sínú omi, á gbà á láti abẹ́. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé. Bí abẹ́ ikùn rẹ̀ bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó ìrántí Washington, akọ ni, ìkòkò yá. Bó bá rí rìbìtì bí òrùlé ilé aṣòfin, abo ni, bàbá màmá á sì dá a padà sódò kó lọ bímọ. Bí ọmọ Washington ṣe ń kọ́ akọ àti abo nìyẹn. Mo ti ń jẹ akàn láti kékeré, n kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ló mọ̀, ojú lásán ló sì fi ń wò ó.

Wọn kì í sè é bí tiwa. Ooru ọtí kíkan ni wọ́n fi ń sè é nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á bu iyọ̀ àti ata gígún lé e. Old Bay tí gbogbo Maryland ń bù sórí akàn lónìí, 1939 ni Gustav Brunn, Júù kan tó sá fún Hitler láti Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Baltimore. Màmá ní bó ti wọlé wọn báyìí, ìyá wọn kò gún ata mọ́. Wọ́n á tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì níta, wọ́n á da akàn lé e, kálukú á gba òòlù onígi. Kò sẹ́ni tí í jẹ akàn kánkán. Wákàtí méjì, mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ló ń lọ: ta ló gbéyàwó, ta ni wọ́n já kulẹ̀ níbi iṣẹ́ nítorí àwọ̀, ọmọ ta ló wọ Yunifásítì Howard. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì ń rí iwájú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, àwa Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe ní Washington le, ṣùgbọ́n ohun tó ń rẹ̀ wọ́n jù kì í ṣe iṣẹ́. Bíbojú wẹ̀yìn ni: ẹnu ọ̀nà wo ni mo lè gbà, àga wo ni mo lè jókòó lé, ta ló ń wò mí. Ní Eagle Harbor, ènìyàn lè bọ́ bàtà kó sì gbàgbé ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n rà nìyẹn, ilé pákó ẹlẹ́yàrá méjì ni wọ́n sì rà á mọ́.

Wọn kò sì fi í sílẹ̀ láìṣọ́. Ní 1929, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n dé, wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba Maryland pé Eagle Harbor di ìlú tó dá dúró, tó ní olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń dìbò yàn. Highland Beach ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1922, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn dúdú ní Maryland. Èyí ni mo gbà pé ó jẹ́ ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán ni wọ́n ní, àwọn tó wà nípò ní Upper Marlboro, olú ìlú káúńtì, ni ì bá máa sọ bí ọ̀nà wọn yóò ti rí, àti ẹni tí yóò dé etí odò wọn. Nígbà tó ti di ìlú, àwọn ni wọ́n ń gba owó orí, àwọn ni wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, àwọn ni wọ́n ń ṣòfin etí omi. Ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ kò kún ṣọ́ọ̀ṣì kan!

Ohun tí ìwé àṣẹ kò lè ṣọ́ ni omi. Bí ilé ṣe ń pọ̀ lókè odò, omi ìdọ̀tí ń pọ̀ sínú rẹ̀. Bernie Fowler, tó dàgbà ní Calvert County, tó sì padà di sẹ́nétọ̀ Maryland, sọ pé nígbà èwe òun, òun a máa rí ẹsẹ̀ òun nínú Patuxent bí omi bá mu òun dé àyà. Láti 1988, ní oṣù kẹfà lọ́dọọdún, ó máa ń wọ kánfáàsì funfun, a di ọwọ́ àwọn ènìyàn mú, wọ́n á sì jọ máa rìn wọ odò títí kò fi ní rí bàtà náà mọ́, wọ́n á wọn ibi tí omi dé lára rẹ̀. Kò rí bàtà rẹ̀ dé àyà mọ́ títí tó fi kú ní 2021. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ńlá kan sí Chalk Point, ẹ̀gbẹ́ Eagle Harbor gan-an, èédú ló sì ń jó. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2000, páìpù epo tó lọ síbẹ̀ bẹ́, epo tó lé ní 100,000 gálọ́ọ̀nù ya wọ Swanson Creek, ìjì òru sì gbọ̀n ọ́n ká odò. Pẹ́pẹ́yẹ odò kú, akàn kú. Ní 2021 ni wọ́n tó dẹ́kun jíjó èédú níbẹ̀.

Omi nìkan kọ́ ló yí padà. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ọdún 1964 ti ṣí gbogbo etí òkun sílẹ̀ fún dúdú, afárá Chesapeake ti wà láti 1952, ẹ̀rọ amúlétutù sì ti wọ ilé. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ocean City. N kò dá wọn lẹ́bi. Ìdí tí àwọn bàbá wọn fi jà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò bá ṣí fèrèsé rẹ̀, òjò ni yóò ni ín. Ilé bàbá màmá dúró títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, tí ìjì Isabel gbé odò wọ inú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ bíríkì àti igi kan ni mo bá níbẹ̀. Màmá ní kí n gbé wọn dúró lórí koríko níbi tí ẹnu ọ̀nà wà, wọ́n sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ibi tí bàsíà máa ń wà. Màmá ti dolóògbé báyìí. Ọmọ wọn ló mú kọ́kọ́rọ́.

Nígbà ìkànìyàn 2020, ènìyàn 67 ló wà ní Eagle Harbor, wọ́n sì ṣì ń yan olórí ìlú wọn. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Bowie, ní Laurel, ní Upper Marlboro, tẹ́ ẹ ń fowó ńlá kó ọmọ lọ sí Florida ní ìgbà ooru, ẹ gbé wọn débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ rọra wakọ̀, nítorí ọmọdé ń ṣeré lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tẹ́ ẹ bá lórí àga níwájú ilé, ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ sétí odò.